Ẹ Kọ Orúkọ Àtijọ́ sí Abẹ́ Tuntun: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Èkó

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin alága ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) gbogbo, ní Erékùṣù Èkó àti ní Mainland,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìfaradà wa.

N kò kọ lẹ́tà yìí sí gómìnà, n kò sì kọ ọ́ sí Àbújá, torí ẹ̀yin gan-an ni òfin gbé ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, níbi àfikún rẹ̀ kẹrin, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú. Àárín wọn níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀yin lẹ ó máa sọ títì àti òpópónà lórúkọ, ẹ̀yin náà lẹ ó sì máa fún ilé ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá wá ní kí n gbé ẹjọ́ mi lọ síbòmíràn, ó kàn fẹ́ lé mi ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ìlà kan lọ. Tí ẹ bá pa orúkọ òpópónà kan dà, ẹ kọ èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sí abẹ́ tuntun, lórí pátákó kan náà. Kí lẹ́tà rẹ̀ kéré, kò burú. Kó ṣáà ṣe é kà.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi sódì. N kò sí lára àwọn tó ń sunkún Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára Victoria Street, tí wọ́n fi Nnamdi Azikiwe rọ́pò rẹ̀, wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba obìnrin náà, tòun ti ọkọ̀ ogun wọn lórí ọ̀sà. Kí ló dé tí a ó tún máa fi orúkọ rẹ̀ júwe ọ̀nà ọjà wa? Queen's Drive ní Ìkòyí náà ti di Oyinkan Abayomi Drive. Ìyá yẹn ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ lọ́dún 1944. Ọbabìnrin wo ló tún tó o lójú wa? Kingsway Road di Alfred Rewane Road lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn ká bàbá náà mọ́lé lọ́dún 1995. Western Avenue di Funsho Williams Avenue lẹ́yìn tí wọ́n pa òun náà lọ́dún 2006. N kò ní kí ẹ yọ ẹyọ kan nínú wọn. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó ń gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá lọ sílé ìwé, ń gbọ́ Western Avenue lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ń ka Funsho Williams lórí pátákó, kò sì sí ohun kankan lójú títì tó sọ fún un pé ọ̀nà kan náà ni.

Broad Street pàápàá ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí, bí ọ̀pọ̀ yín ò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Gowon wà lórí àlééfà, Yakubu Gowon Street ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1975, Broad Street sì padà sípò bí ẹni pé kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, àbúrò mi obìnrin rí rìsíìtì kan nínú àpótí rẹ̀: bébà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan lára rẹ̀, ìwé kíkà fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti pẹ́ńsù méjìlá. Wọ́n kọ Yakubu Gowon Street, Lagos, sí òkè rẹ̀. Àbúrò mi fi fóònù wá a. Fóònù gbé e lọ sí Asokoro, ní Àbújá. Ó pè mí pé ṣé Bàbá máa ń rìnrìn àjò lọ ra pẹ́ńsù ni.

A rẹ́rìn-ín ìyẹn. Èkejì ò pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹbí wa ní ìwé ilẹ̀ kan, èyí tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, Victoria Street ni wọ́n sì fi júwe ààlà rẹ̀ ní apá kan. A gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan (n kò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí). Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní, "Daddy, ilẹ̀ V.I. lẹ gbé wá yìí, ọ́fíìsì tibí kọ́ ló ni ín o." Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó rí Victoria lórí ìwé náà, ó rò pé Victoria Island ni. A ṣàlàyé títí. Ó gbọ́, ó ní òun gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu sínú fáìlì. Bí a ṣe lọ sí kóòtù nìyẹn, a lọ búra áfídáfíìtì pé Victoria Street àti Nnamdi Azikiwe Street, ọ̀kan náà ni wọ́n. A mú àgbà méjì dání láti jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ sí Ìdúmọ̀tà o! Ìlà kan péré lórí pátákó, a kì bá ti náwó lọ́yà.

Ìyá tó bí bàbá mi kò tilẹ̀ ní orúkọ tuntun tó fẹ́ fi wé ti àtijọ́. Òpópónà tirẹ̀ ni wọ́n wó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn Ìdúmọ̀tà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló relé ọkọ sí, ibẹ̀ ló ti ń ta àdìrẹ. Ní 1955, LEDB, àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, gbé ètò kan jáde láti wó ilẹ̀ tó tó éékà 70 láàárín ìgboro Erékùṣù. LEDB yìí ni ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1928, nígbà tí àrùn eku ti ń pa ará Èkó lọ́dọọdún. Òmìnira ti ń súnmọ́, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú mọ́ lójú àlejò. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, sínú ilé kéékèèké tí wọ́n tò kalẹ̀ fún wọn, tí wọ́n ń pè ní New Lagos. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá. Oníbàárà tó bá dé tí kò bá a, á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní àwọn á padà, àmọ́ owó tí wọ́n ó fi padà ò sí.

Inú Sùúrùlérè yẹn la ti máa ń lọ kí Màmá Àgbà ní Sátidé. Bí ara rẹ̀ bá yá, á da ìṣáná sórí ẹní, á máa tò ó. Igi ìṣáná kan, òpópónà kan. "Ẹ̀rọ omi nìyí. Ilé ìyá oníkókó nìyí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fá orí. Bí o bá yà báyìí, o ti bọ́ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí nìyẹn." Àwọn igi kan á gùn, á ṣẹ́ wọn sí méjì, torí ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹsẹ̀ gbá a dànù, ó di ìjà. Á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu títì. Orúkọ òpópónà mẹ́rin ni mo mọ̀ báyìí tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí. Sùúrùlérè ló kú sí, bẹ́ẹ̀ kò pe ibẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan. Bó bá ní òun ń lọ sílé, Ìdúmọ̀tà ló ń sọ.

Láfíàjí ni èmi dàgbà sí ní tèmi. Tí mo bá ní Láfíàjí, mò ń sọ Lewis Street, ọjà Sandgrouse, Ìgbósẹ̀rẹ̀, títí dé Campos àti àwọn ilé Àgùdà, àwọn tó ti Brazil dé. Lọ́jọ́ Good Friday, abọ́ frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láìbèèrè ẹ̀sìn. Ilé ìmàle ni tiwa, àwa la máa ń jẹ ẹ́ jù. Fàńtí, ijó ìgboro tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń jó káàkiri, ló kọ́ wa ní òpópónà. Bí wọ́n bá ń bọ̀ tòun ti fèrè àti ìlù, ọmọ Láfíàjí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ti Campos parí sí àti ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lè jìyà. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwa ọmọdé ń pè ní Kọ̀rọ̀ Oníbúrẹ́dì. Láàárọ̀, a ó ti nà bébà sí ojú ihò ògiri, ẹni tó wà nínú yóò fi búrẹ́dì gbígbóná sí i, yóò gba kọ́bọ̀ rẹ̀, a kì í rí ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun máa ń wà lórí irun ọwọ́ náà títí dé ìgúnpá. Ilé alájà púpọ̀ ló ti jókòó sórí gbogbo rẹ̀ báyìí, ibi tí ẹnu kọ̀rọ̀ náà wà ni jẹnẹrétọ̀ wọn ń gbé. Mo bi ọlọ́dẹ wọn pé kí lórúkọ ibí tẹ́lẹ̀. Ó ní ọgbà ni.

Ìyẹn ni mo rí pé ó yàtọ̀ sí tìgbà Màmá Àgbà. Láyé tiwọn, katakata dé lójú gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn sì sunkún pọ̀. Lóde òní, ilé ẹbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà. Àwọn ọmọ bàbá pín owó, pílásà dìde. Ọdún méjì, mẹ́ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lọ. Ẹ lọ sí Dòsùnmú Street lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, kí ẹ wá orúkọ òpópónà náà láàárín aṣọ tí wọ́n so rọ̀. Oníbàárà kì í bi ara wọn ní òpópónà mọ́. Pílásà wo? Òkè kelòó? Ó parí. Orúkọ ọba tó fọwọ́ bọ ìwé Èkó wá di ohun tí aṣọ ọjà bò mọ́lẹ̀.

Ẹ ó ní, ṣé pátákó ló ń mú orúkọ wà láàyè ni? Ẹ jàre níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, Èkó ò nílò pátákó. McCoskry, òyìnbó oníṣòwò tó ṣe adelé gómìnà lọ́dún 1861, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ará Èkó wò ó, wọ́n ní Apọ́ngbọ̀n. Ta ló rántí McCoskry lónìí? Awakọ̀ wo ni kò mọ Apọ́ngbọ̀n? Nígbà tí a gba òmìnira, wọ́n yí Ìta Tinúubú padà sí Independence Square. Èkó gbọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ń pè é ní Tinúubú lọ, ìjọba ló padà wá bá wọn níbẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, tẹ̀dó sí pẹ̀lú Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ dé lọ́dún 1862, agbo ilé 21 ni wọ́n pín ibẹ̀ sí, àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì lè kà wọ́n fún yín láìwòwé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn náà dúró síbẹ̀ ni. Ẹnu tó ń pe orúkọ kò kúrò ládùúgbò. Lónìí, ẹnu ti kó lọ sí Ìkòròdú, ó ti kó lọ sí Ajah àti Alimoṣó. Àwọn tó kún Erékùṣù láàárọ̀, ọ̀nà ilé ni wọ́n ń wò bí aago mẹ́fà bá ti lù, iṣẹ́ ajé ló gbé wọn wá, n kò sì bá wọn jà. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló kù tó máa sọ fún ọmọ tuntun pé ibí yìí ń jẹ́ báyìí rí? Ohun tí ẹnu ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ti wá di iṣẹ́ pátákó. Ìdí tí mo fi mú bíírò nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ilé tan ara wa jẹ. A máa ń rò pé tí òpópónà bá lọ, ilé ńlá á kù láti fi mọ ibẹ̀. Ilojo Bar wà ní Tinúubú láti 1855, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, ó di àlàpà. Tí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyẹn, mélòómélòó ni kọ̀rọ̀ tí kò ní ju ihò búrẹ́dì lọ? Maroko ńkọ́? Oṣù Keje 1990, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun, wọ́n lé àwọn èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 kúrò níbẹ̀. Òpópónà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù mọ gbogbo rẹ̀.

Mo dárúkọ itẹ́ òkú lókè, torí inú ìwé òfin kan náà ló wà pẹ̀lú òpópónà. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú lọ́jọ́ tí ọdún 1891 parí, itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn èèkàn Èkó ìgbà náà sùn sí. Láyé ìjọba Mobolaji Johnson, gómìnà ológun Èkó, ni wọ́n tú itẹ́ náà, kí ọ́fíìsì ìjọba lè wà níbẹ̀. Wọ́n gbé Crowther lọ sí Kàtídírà ní Marina. Orúkọ Ajẹ́lẹ̀ ṣì wà lára òpópónà, òun nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí. Bí ẹnì kan bá jí lọ́la tó ní òun fẹ́ fi orúkọ olówó kan rọ́pò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dún 2025, a gbọ́ láti Bàrígà pé ibùdókọ̀ Charly Boy ti di ti Olamide Baddo, ariwo sì ta. Ọmọ Bàrígà ni Olamide olórin, ó gbé orúkọ àdúgbò rẹ̀ dé ibi tí ẹ̀yin olóṣèlú ò gbé e dé, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé orí orúkọ tó ti wà lẹ́nu kọ́ńdọ́ tẹ́lẹ̀ la ti fẹ́ gbé tirẹ̀ jókòó? Ọ̀nà tí kò lórúkọ kún Bàrígà àti Ṣómólú. Ojúlé mélòó ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ ká fi ọ̀kadà ń dúró sí, tó ń pariwo sínú fóònù pé "Mo ti dé ibi tíráńsífọ́mà yẹn o"? Ẹ fi àwọn gbajúmọ̀ wa sọ ìwọ̀nyẹn lórúkọ. Ayọ̀ ni yóò jẹ́ fún olóúnjẹ pàápàá.

Bẹ́ẹ̀ náà, ó yẹ kí ìwé kan wà lọ́dọ̀ yín tí ẹ ń kọ gbogbo àyípadà sí: orúkọ tó wà, èyí tó dé, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, ìdí rẹ̀. Bó bá wà, ẹ jẹ́ ká rí i. Ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì lè fi ìṣẹ́jú kan mọ̀ pé Victoria Street ò sí ní V.I. Bí kò bá sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ mọ̀. Níbi tí òpópónà ti kú pátápátá, tí ilé ti bò ó, ẹ lẹ pátákó kékeré mọ́ ara ilé náà, ẹni tó ni pílásà ò ní kú.

Àwọn tó mọ orúkọ ṣì wà. Òmíràn wà ní Sùúrùlérè, òmíràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, púpọ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìkòròdú. Ẹ má ṣe pè wọ́n sí ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, torí wọn ò ní lè wọ ọkọ̀ nígbà sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Sátidé dáa, nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí wọ́n ti jẹun. Ibi tí kò ní àtẹ̀gùn ni kó jẹ́, kí omi sì wà nílẹ̀. Ẹ mú akọ̀wé tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì dání, kí orúkọ tí wọ́n bá pè má baà di nǹkan mìíràn lórí bébà. N kò kọ òpópónà mẹ́rin ti Màmá Àgbà síbí. Lọ́jọ́ ìpàdé náà ni mo fẹ́ pè wọ́n, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù, kí wọ́n lè bá mi tún ibi tí mo bá ti ṣì wọ́n pè ṣe.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Láfíàjí kan